Àwòrán àtijọ́ tí mo rà ní £12: àwọn ará Tagalog létí omi ní Manila. Ẹ bá mi wò ó

Àbíkẹ́_Peckham
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá mo yà sí ọjà kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù látinú búùtù mọ́tò, ìkòkò ni mò ń wá, àwòrán ò sí lọ́kàn mi rárá. Mo wá rí fíréèmù kan lábẹ́ tábìlì bàbá òyìnbó kan, eruku ti bò ó, bí mo ṣe fọwọ́ nù ún báyìí ni ọkùnrin kan ń wò mí látinú ẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bíi lèésì tí kò kì bọ inú ṣòkòtò, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó gbé àkùkọ sábíyá bí ẹni gbọ́mọ. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ru ìkòkò, ó ró aṣọ kékeré kan lé yẹ̀rì ẹ̀, irun ẹ̀ gùn dé ìdí. Ẹ̀yìn wọn lodò wà, ọkọ̀ kún ibẹ̀, òmíràn ní òrùlé bíi ẹní, odi òkúta ńlá kan wà lápá òsì, sójà òyìnbó kan dúró sídìí àtẹ̀gùn, afárá òkúta sì wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Wọ́n kọ Faransé sábẹ́ ẹ̀, ohun tí mo lè kà níbẹ̀ ò ju Tagals àti Manille lọ. Bàbá yẹn ní £15, mo ní £10, a pàdé ní £12.

Ìbéèrè mi: ṣé ojúlówó àtijọ́ ni àbí àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́? Àwọn wo sì ni Tagals? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọkọ mi ti ṣèyẹn tán.

Gbọ́yèga_Ìbàdàn
Àǹtí Àbíkẹ́, £12 lórí àkùkọ tí ò ṣeé sè 😂😂

Láńre_Ọ̀yọ́
Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tó kàn wá nínú ẹ̀. Òyìnbó lọ sílùú onílùú, ó gba ilẹ̀, ó wá jókòó ó ń ya àwọn tó gbalẹ̀ lọ́wọ́ wọn bí ẹni ń ya ẹyẹ. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ṣe é. Kí lẹ tún fẹ́ mọ̀ níbẹ̀?

Ìyá_Tíṣà
Láńre, fara balẹ̀, a ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Àbíkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tó o rà á. Tagalog làwọn tó ni agbègbè Manila àti ìgbèríko ẹ̀ ní erékùṣù Luzon, ní Filipínì. Wọ́n máa ń sọ pé inú taga-ilog lorúkọ yẹn ti wá, ìyẹn ará etí odò. Odò tó wà lẹ́yìn wọn yẹn á jẹ́ Pasig, òun ló gba àárín Manila kọjá lọ sókun.

Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ńkọ́, tó bá jẹ́ ti ẹni tó rí jájẹ, ewé ọ̀pẹ̀yìnbó ni wọ́n fi hun ún, piña ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pẹ̀yìnbó tá à ń jẹ yìí o! Wọ́n á họ ewé ẹ̀ títí fọ́nrán á fi yọ, wọ́n á máa so ó lórí ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí á fi gùn tó ohun tí wọ́n lè gbé sórí òfì. Mo ti fọwọ́ kan ọ̀kan rí, bí atẹ́gùn ló rí lọ́wọ́. Aṣọ tí obìnrin yẹn ró lé yẹ̀rì, tapis ni. Nínú irú àwòrán yẹn wàá tún máa rí obìnrin tó ń mu sìgá, kì í ṣe àsọdùn ayàwòrán, torí láti 1782 títí dé 1882 ìjọba Sípéènì nìkan ló ń ṣòwò tábà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló sì ń ká sìgá ní ilé iṣẹ́ wọn ní Manila. Wọ́n tún ní buyo, èso kan ni wọ́n ń fi ewé dì pẹ̀lú eérú ìkarahun tí wọ́n sun, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, òun ni wọ́n fi ń gbàlejò bí àwa ṣe ń fi obì gbà á.

1571 ni ọ̀gágun Sípéènì kan tó ń jẹ́ Legazpi gba Manila fún ọba Sípéènì. Wọ́n mọ odi yí ìlú tiwọn ká, Intramuros, wọ́n fi àwọn ọmọ ilẹ̀ àti àwọn ará Ṣáínà síta odi.

Bọ̀ọ̀dá_Olókun
Ẹ jẹ́ n dá sí i, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, kò sí ọkọ̀ tí mo wọ̀ tí ò sí ọmọ Filipínì níbẹ̀, àwọn ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn mẹ́ta tí mo ṣì ń ta dòní. Ẹ̀ẹ̀mejì la dúró ní Manila, mo sì ti gun orí odi Santiago tí àwọn ará Sípéènì mọ lọ wo odò yẹn dáadáa.

Àbúrò mi Àbíkẹ́, odi tìẹ yẹn ò sí níbi tó yẹ kó wà o. Tó o bá tinú òkun wọ Pasig, ọwọ́ ọ̀tún ẹ ni odi Santiago àti Intramuros á wà, Binondo tí í ṣe àdúgbò àwọn ará Ṣáínà á wà lọ́wọ́ òsì. O ní lápá òsì ni odi wà nínú àwòrán. Ẹni tó yà á, ṣé ó débẹ̀ ṣá?

Láńre_Ọ̀yọ́
Ẹ̀gbọ́n, bóyá òkun ló kọjú sí nígbà tó ń yà á. Tó bá kọjú sókun, ọwọ́ ẹ̀ á yí padà.

Bọ̀ọ̀dá_Olókun
Ó gbọ́n o! Ṣùgbọ́n afárá ńkọ́? Ẹnu odò gan-an ni odi Santiago wà, ẹ̀yìn ẹ̀ ni òkun. Afárá wà lókè odò, níwájú, sápá ilẹ̀. Tó o bá rí odi nítòsí tó o wá rí afárá lọ́hùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, o kẹ̀yìn sókun nìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún lodi gbọ́dọ̀ wà. Mi ò lọ ilé ìwé gíga ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀tún ọkọ̀ yàtọ̀ sí òsì ọkọ̀.

Àbíkẹ́_Peckham
Ẹ ò ní gbà gbọ́. Mo gbé e sábẹ́ iná kíṣìnnì, mo wò ó fínnífínní. Sójà yẹn, ìbàdí ọ̀tún ni idà ẹ̀ wà. Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ tó ń gé okùn, ọwọ́ òsì ló fi mú àdá. Ẹlòmíì ń ju nǹkan sí ẹnì kan létí omi, ọwọ́ òsì ló fi ń jù ú. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ ọ̀tún ṣe nǹkan kan nínú gbogbo wọn!

Gbọ́yèga_Ìbàdàn
Ìlú àwọn ọlọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá kí ọba wọn, kí ni wọ́n á ti wí 😂

Atẹ̀wé_Ṣómólú
Ẹ ti dé ibi iṣẹ́ mi báyìí. Ẹ jókòó.

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, Kord, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Kí n tó mọ Kord, ọ̀gá mi àkọ́kọ́ òǹtẹ̀ ló ń gbẹ́, rọ́bà àti bíléèdì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ tèmi, mo gbẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan dáadáa, ó dùn ún wò lórí rọ́bà, mo wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, gbogbo ẹ̀ kẹ̀yìn sí wa. Ọ̀gá gbá mi létí. Ohun tó bá wà lápá ọ̀tún lára ohun tó o gbẹ́, apá òsì ló máa bọ́ sí tó o bá tẹ̀ ẹ́. Kò sí àwáwí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbà tí wọ́n fi ń tẹ irú àwòrán Àǹtí yìí láyé àtijọ́. Ẹni tó ń gbẹ́ àwòrán á mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, á máa fi la ojú bàbà díẹ̀díẹ̀, ìlà ìlà, ibi tó bá fẹ́ kó dúdú á la ìlà mìíì dábùú ẹ̀. Á fi íńkì ra gbogbo ẹ̀, á wá nu ojú ẹ̀ kúrò kó kù sínú ìlà nìkan, á gbé bébà tútù lé e, á gbé e gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá. Tó bá wá jẹ́ pé ó kàn ń wo àwòrán ẹni tó lọ Manila, tó sì ń gbẹ́ ẹ bó ṣe rí i gẹ́lẹ́, bébà á yí gbogbo ẹ̀ padà. Àwọn tó gbọ́n níbẹ̀ máa ń wo àwòrán yẹn nínú dígí kí wọ́n máa gbẹ́ ohun tí dígí fi hàn wọ́n, tàbí kí wọ́n dà á kọ sórí bébà fẹ́lẹ́ kí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó ń kánjú kí ìwé lè jáde, kò ráyè ìyẹn. Ta ló mọ Pasig ní Paris?

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan, Àǹtí ní òun rí Tagals àti Manille kà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yí. Agbẹ́wòrán mọ̀ pé tóun ò bá gbẹ́ lẹ́tà sẹ́yìn sẹ́yìn, ojú á ti òun, torí gbogbo èèyàn ló mọ lẹ́tà. Manila ni ò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Láńre_Ọ̀yọ́
Ṣé ẹ ti wá rí ohun tí mò ń sọ? Wọ́n tún orúkọ ṣe, wọ́n fi ìlú àti èèyàn sílẹ̀ kó yí bó ṣe fẹ́. Odi kúrò láyè ẹ̀, kò sẹ́ni tó bìkítà. Ẹni tó gbé àkùkọ yẹn náà ò lórúkọ, Tagal ṣáá ni. Gbogbo wọn Tagal.

Àbíkẹ́_Peckham
Láńre, lónìí mo fara mọ́ ọ o. Mo ti ń wo ojú ọkùnrin yẹn láti àárọ̀, ojú ẹ̀ tiẹ̀ dà bíi ti ará Faransé tí wọ́n kùn.

Ìyá_Tíṣà
Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Láńre, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbogbo ẹ̀.

Ní 1734, ní Manila níbẹ̀, àlùfáà Jésúìtì kan, Pedro Murillo Velarde, gbé máàpù Filipínì jáde, ó tóbi tó mítà kan. Ẹni tó fọwọ́ gbẹ́ ẹ sára bàbà ni Nicolás de la Cruz Bagay, Francisco Suárez ló ya àwọn àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ làwọn méjèèjì. Bagay kọ orúkọ ẹ̀ sára máàpù, ó wá kọ Indio Tagalo tẹ̀ lé e. Indio lorúkọ tí àwọn ará Sípéènì ń pe gbogbo ọmọ ilẹ̀, ẹ̀gàn wà nínú ẹ̀. Òun mú un, ó fi sídìí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ó ní ọmọ Tagalog ni mí, ní Manila ni mo ti ṣe é. Èmi ò lè rí orúkọ yẹn kí n máà dúró díẹ̀.

Àwòrán méjìlá ló yí máàpù yẹn ká, ayé èbúté ló wà nínú wọn. Ará Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Sangley wà níbẹ̀, ará Jàpáàn wà níbẹ̀, Lascar tí í ṣe atukọ̀ láti apá Íńdíà, ará Àméníà, ará Mughal, ará Malabar, máàpù kékeré ti èbúté Cavite, ti Zamboanga, ti Guam, ti Manila fúnra ẹ̀. Àwọn èèyàn dúdú náà wà níbẹ̀, wọ́n kọ Cafres sí wọn.

Láńre_Ọ̀yọ́
Èèyàn dúdú kẹ̀? Ní Filipínì, ní 1734? Ibo ni wọ́n gbà débẹ̀? Ẹ má sọ pé ará ilé wa ni o.

Ìyá_Tíṣà
Kì í ṣe ará ilé wa. Apá ìlà oòrùn Áfíríkà ni, bíi Mòsáḿbíìkì. Àwọn Potogí ló ń kó wọn lẹ́rú gba Goa àti Macau, wọ́n á tà wọ́n ní Manila. Láńre, má gbàgbé pé àwọn Aeta wà nílẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ tí ara wọn dúdú tí irun wọn sì ta kókó, ọmọ onílẹ̀ nìyẹn, wọn ò tọ̀dọ̀ wa lọ. Àwọn kan máa ń pò wọ́n pọ̀.

Ìtàn máàpù yẹn ò tán síbẹ̀ o. Nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Manila ní 1762, wọ́n kó àwọn pílétì bàbà yẹn lọ sílùú Ọba. Wọ́n dá Manila padà ní 1764, wọn ò dá bàbà padà. Ní 2014 ọmọ Filipínì kan lọ ra ẹ̀dà kan ní gbàǹjo ní London, ìwọ Àbíkẹ́ wà nítòsí. Irú máàpù yẹn náà sì wà lára ohun tí Filipínì kó jáde nínú ẹjọ́ òkun tó bá Ṣáínà ṣe, tí wọ́n dá ní 2016.

Atẹ̀wé_Ṣómólú
Ẹ wò ó, kó èèyàn kó pílétì ẹni lọ! Ẹni tó kó pílétì kó ṣọ́ọ̀bù.

Gbọ́yèga_Ìbàdàn
Àǹtí, ẹ padà síbi mọ́tò yẹn, ẹ wo abẹ́ tábìlì dáadáa 👀

Bọ̀ọ̀dá_Olókun
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọkọ̀ yẹn torí gbogbo yín lẹ fò ó. Èyí tó ní òrùlé bíi ẹní yẹn, casco ni. Abẹ́ ẹ̀ pẹlẹbẹ. Ọkọ̀ ńlá ò lè wọ inú Pasig, ìta ló máa ń dúró, nínú òkun tàbí ní Cavite, casco ló ń lọ kó ẹrù wá. Ìdílé odindi lè máa gbé inú ẹ̀, wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí apá ẹyẹ, bangka nìyẹn.

Ọkọ̀ ńlá wá ni kẹ́ ẹ gbọ́. Láti 1565 títí dé 1815 ni wọ́n fi ń ti Filipínì lọ sí Acapulco ní Mẹ́síkò, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lójú omi ní àlọ. Sílíìkì àti àwo Ṣáínà ni wọ́n ń kó lọ, fàdàkà ni wọ́n ń kó bọ̀. Ta ló ń kan ọkọ̀ yẹn? Àwọn ọmọ ilẹ̀, ní Cavite, iṣẹ́ àfipáṣe tí wọ́n ń pè ní polo, ogójì ọjọ́ lọ́dún lórí ìwé. Wọ́n á rán wọn wọ igbó lọ gé igi tí ogún èèyàn ò lè fà. Ní 1649 tí wọ́n ní kí wọ́n tún máa kó àwọn ará Samar wá sí Cavite, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sumuroy dìde, àwọn èèyàn tẹ̀ lé e, ogun dé. Kò sí ìyẹn nínú àwòrán àkùkọ o! Gbogbo àwọn tí wọ́n yà ló dà bí ẹni tó ń lọ sí pátì.

Okùn ọkọ̀ náà, ibẹ̀ ló ti ń wá, abaka, igi kan tó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi iyọ̀ kì í tètè jẹ ẹ́. Títí dòní àwọn àgbà atukọ̀ ṣì ń pe irú okùn yẹn ní manila. Èmi ti fa manila títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó kí n tó mọ̀ pé orúkọ ìlú ni.

Dàpọ̀_Houston
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kà láìsọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìpínlẹ̀ Louisiana tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, títí di 1915 abúlé kan wà nínú irà tó ń jẹ́ Saint Malo, àwọn atukọ̀ Filipínì ló tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n kọ́lé sórí òpó igi lójú omi bíi ti Màkòkó, ẹja ni wọ́n ń pa. Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Lafcadio Hearn lọ síbẹ̀, ó kọ nípa wọn nínú Harper's Weekly ní 1883, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán ilé wọn sínú ìwé ìròyìn yẹn. Igi ni wọ́n ń fi gbẹ́ tìyẹn, kì í ṣe bàbà, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Mo ní ẹ̀dà kan nínú fóònù mi. Ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ jọ ojú èèyàn, mi ò rí àkùkọ kankan.

Atẹ̀wé_Ṣómólú
Dàpọ̀ mọ̀wé. Igi máa ń yọ sókè bíi lẹ́tà, íńkì á wà lórí ẹ̀, wọ́n lè dè é mọ́ lẹ́tà kí wọ́n tẹ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbà, inú ihò ni íńkì ẹ̀ ń wà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀.

Ìyá_Tíṣà
Nígbà tó fi máa di bíi 1820 sókè, àwọn ọmọ ilẹ̀ fúnra wọn ti ń ya irú àwòrán aṣọ yìí tà fún àlejò. Damián Domingo ní Tondo, ìyá àti bàbá ẹ̀ ò jẹ́ ẹ̀yà kan náà, ó ṣí ilé ẹ̀ ní 1821 kó lè máa kọ́ àwọn èèyàn ní àwòrán yíyà. Ó ya alágbàfọ̀, ó ya ọlọ́jà, ó ya olówó, aṣọ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé bó ṣe wọ̀ ọ́.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni José Honorato Lozano. Bàbá ẹ̀ ló ń tọ́jú iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ní èbúté Manila. Ọmọ yẹn dàgbà, ó wá ń fi èèyàn kọ lẹ́tà. Oníṣòwò á ní kó kọ orúkọ òun, á fi alábàárù tó dúró ṣe ìdí lẹ́tà kan, á fi ẹni tó tẹ̀ sórí ẹrù ṣe kọ́rọ́ ẹ̀, igi ọkọ̀, ẹfọ̀n, obìnrin tó ru agbọ̀n, títí orúkọ á fi pé, èbúté á wá wà nísàlẹ̀ ẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Láńre_Ọ̀yọ́
Mà, ẹ dúró ná. Orúkọ olówó la máa kà, ara alábàárù ni wọ́n fi kọ ọ́?

Ìyá_Tíṣà
Bẹ́ẹ̀ ni.

Láńre_Ọ̀yọ́
Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Gbọ́yèga_Ìbàdàn
Ẹ kọ ọjọ́ yìí sílẹ̀ o, Láńre ò ní ọ̀rọ̀.

Atẹ̀wé_Ṣómólú
Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé wá. Ẹ yọ ọ́ nínú fíréèmù jẹ́jẹ́, ẹ má fi omi kàn án. Àkọ́kọ́, ẹ fi ìka ra etí àwòrán yẹn wò bóyá bébà wọlẹ̀ díẹ̀ yí i ká, bíi pé wọ́n fi nǹkan tẹ̀ ẹ́. Pílétì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, tẹ́ ẹ bá rí tótó tótó kéékèèké tó tò bí ẹ̀wà, ẹ̀rọ ìgbàlódé ni, ẹ gba owó yín. Tó bá jẹ́ ìlà tó mọ́ ṣáká tó fẹ̀ tó tún tín-ín-rín lẹ́nu, ọwọ́ èèyàn ni. Ẹ tún wo àwọ̀ ẹ̀.

Àbíkẹ́_Peckham
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti yọ ọ́. Etí ẹ̀ wọlẹ̀! Ìka mi gbọ́ ọ kí ojú mi tó rí i. Kò sí tótó, ìlà ni gbogbo ẹ̀, ojú àkùkọ yẹn nìkan ìlà ibẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo lè kà. Ẹ̀gbẹ́ kan bébà ẹ̀ ya gbágungbàgun, mo rò pé inú ìwé ni wọ́n ti fà á ya. Àwọ̀ pupa tó wà lára yẹ̀rì obìnrin yẹn ti yọ kọjá ìlà, ó sì tàn jù, ẹni tó kùn ún lẹ́yìn náà ló ṣèyẹn.

Atẹ̀wé_Ṣómólú
Ojúlówó ni. Wọ́n tú ìwé ká, wọ́n kùn ún kó lè tà. Ọjà lọjà ń jẹ́.

Bọ̀ọ̀dá_Olókun
Àbúrò, ṣe nǹkan kan fún mi. Ya fọ́tò ẹ̀, kó o tẹ ibi tí wọ́n ti ń yí fọ́tò padà ọ̀tún sí òsì lórí fóònù ẹ, kó o wá wò ó.

Àbíkẹ́_Peckham
Hàà. Odi ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Idà sójà padà sí ìbàdí òsì. Ọkùnrin tó mú àdá ń fi ọwọ́ ọ̀tún gé okùn ẹ̀, ó wá dà bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Manille nìkan ló kẹ̀yìn sí mi báyìí.

Bọ̀ọ̀dá_Olókun
Ibi tí mo dúró sí gan-an nìyẹn!

Gbọ́yèga_Ìbàdàn
Ibo lẹ máa wá gbé e kọ́?

Àbíkẹ́_Peckham
Ọ̀nà àbáwọlé, ọ̀kánkán dígí. Ọkọ mi ní mo ti ya wèrè.